Hamilton Wo Ni? Bí A Ṣe Ń Kọ Ojúewé fún Orúkọ Ìdílé Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ń Jẹ́

Nínú ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Wikipedia, ojúewé orúkọ ìdílé kì í ṣe ibi tí a ti ń pa ìtàn ẹnikẹ́ni. Oríta ni: ẹni tó ń wá Hamilton kan dé ibẹ̀, ó rí èyí tó ń wá, ó sì kọjá lọ. Tó bá ní láti ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ ọ̀nà tó máa gbà, ẹni tó kọ ojúewé náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Hamilton la ó lò bí àpẹẹrẹ, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú wàhálà tí orúkọ ìdílé ń fà tí kò sí nínú rẹ̀: Sir William mẹ́ta, Margaret méjì, Richard méjì, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, àti àwọn ìlú tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà fún Bernoulli, Thomson, Huxley tàbí orúkọ yòówù tó bá wà níwájú yín.

Ẹ kọ́kọ́ kó wọn jọ

Ẹ má tíì kọ gbólóhùn kankan. Ẹ ṣí Excel, tàbí kẹ́ ẹ fa ìlà sórí bébà, kẹ́ ẹ ṣe òpó mẹ́jọ: orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, orúkọ kíkún, orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i mọ́, ọdún ìbí, ọdún ikú, iṣẹ́, ibi tó ti ṣe é, àti ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà.

Òpó kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ló máa ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Margaret Hamilton tó darí àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ọkọ̀ òfuurufú Apollo gbé lọ sí òṣùpá, Heafield ni wọ́n bí i mọ́. Ọ̀dọ̀ ọkọ ló ti rí Hamilton. Emma Hamilton náà, ìyàwó Sir William tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Naples ní Ítálì, Amy Lyon ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ìwé èyíkéyìí tó bá ti wà ṣáájú ìgbéyàwó wọn kò ní í jáde tẹ́ ẹ bá fi Hamilton nìkan wá a.

Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti wá orúkọ náà, ó kéré tán: atọ́ka ìwé ìmọ̀ ńlá kan, katalọ́ọ̀gì ilé ìkàwé ìjọba orílẹ̀-èdè kan, àti Wikidata, àkójọ ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, katalọ́ọ̀gì ló ṣeé fọkàn tán jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti ń bá wàhálà yìí fà á tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, wọ́n sì máa ń fi ọdún ìbí àti ikú ti orúkọ òǹkọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwé ẹnì kan má baà bọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn. Wikidata yára, ó sì ní ọ̀pọ̀ orúkọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ. Ibẹ̀ la ti ń mọ ohun tó yẹ ká wá lọ, kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń parí ẹ̀.

Tí orúkọ yín bá ní àmì tí èdè mìíràn kò ní, ẹ wá a ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ẹni tó wá Müller nìkan yóò pàdánù àwọn tí wọ́n kọ sí Mueller tàbí Muller.

Ẹ má pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà àti fásitì

Ìpín mẹ́ta yìí ló kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn, òun náà ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Fásitì kì í ṣe iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ni, onísáyẹ́ǹsì àti ayàwòrán ló sì ń jókòó síbẹ̀ pọ̀. Ẹ wo Richard Hamilton (1922–2011), ayàwòrán ará Lọ́ńdọ̀nù tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pop art: láti 1953 sí 1966 ló fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Newcastle. Ṣé abẹ́ iṣẹ́ ọnà lẹ máa fi sí ni, àbí abẹ́ fásitì? Alice Hamilton (1869–1970) jẹ́ dókítà tó ṣèwádìí májèlé tó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ní 1919 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ agbo olùkọ́ Harvard. Sáyẹ́ǹsì ni, fásitì sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn Sir William wa jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Naples, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òkè Vesuvius tó ń tú iná jáde, ó sì tún ń kó àwo àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì jọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo náà wà ní British Museum. Ìpín wo ló máa gba ìyẹn?

Bí ẹ bá fi ẹnì kan sí ìpín méjì, ẹni tó ń kà á yóò rò pé èèyàn méjì ni. Bí ẹ bá fi í sí ẹyọ kan, ìdajì àwọn tó ń wá a yóò wá a síbi tí kò sí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí wọn kò bá tó ogún, ẹ má pín wọn rárá: ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ àkọ́kọ́ wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọdún àti iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn orúkọ ṣe ìyókù. Tí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojúewé náà sì ti gùn jù, ẹ lè pín wọn sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni náà fi gba orúkọ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ibi tó ti ń gba owó oṣù. Richard ayàwòrán ò kúrò lábẹ́ iṣẹ́ ọnà. Emma Hamilton ńkọ́? Ayàwòrán George Romney yà á lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yà kì í ṣe ayàwòrán. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti to orúkọ fúnra rẹ̀.

Sir William mẹ́ta

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Èkíní ni aṣojú ìjọba tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó kú ní 1803. Àwọn ìwé kò fẹnu kò lórí ìgbà tí wọ́n bí i: 1730 ni àwọn kan kọ, 1731 ni àwọn mìíràn. Ẹ máa ṣọ́ra fún irú èyí nípa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1752, torí nígbà náà ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì lè bọ́ sí ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó bá ṣe kàlẹ́ńdà àtijọ́ tàbí ti òde òní ni òǹkọ̀wé lò. Tí ẹ bá rí irú ìyàtọ̀ ọdún kan bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré pinnu pé èèyàn méjì ni.

Èkejì ni Sir William Hamilton (1788–1856), onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Scotland, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jíìkì ní Fásitì Edinburgh ní 1836. Ẹ̀kẹta ni Sir William Rowan Hamilton (1805–1865), onímọ̀ ìṣirò ará Ireland, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Trinity College, Dublin láti 1827, tí wọ́n sì fi oyè Sir dá lọ́lá ní 1835.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láti 1836 títí di 1856, ogún ọdún gbáko, àwọn méjèèjì ń jẹ́ Sir William Hamilton, àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì wà láàyè pọ̀. Bíi pé ìyẹn ò tó, Augustus De Morgan, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní University College London, ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. Ó bá ti Edinburgh jà lórí ọ̀rọ̀ lọ́jíìkì láàárín àwọn ọdún 1840, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ti Dublin gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá rí "Sir W. Hamilton" nínú ìwé De Morgan, tó sì sáre so ó mọ́ ọ̀kan, ọ̀tá lè di ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń yà wọ́n nìyí, láti orí èyí tó lágbára jù:

1. Àdírẹ́sì. Dublin tàbí Dunsink, níbi tí ilé ìwòràwọ̀ wà, Rowan ni. Edinburgh, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni.
2. "Bart." lẹ́yìn orúkọ. Ó túmọ̀ sí baronet, oyè àjogúnbá. Ti Edinburgh nìkan ló ní i nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn, torí ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́.
3. Kókó ọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀, ìràwọ̀ tàbí quaternion (irú nọ́ńbà kan tó dá sílẹ̀), Rowan ni. Tó bá jẹ́ lọ́jíìkì, kò tíì dáni lójú: De Morgan bá Rowan náà sọ̀rọ̀ nípa onírúurú nǹkan.

Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá yanjú rẹ̀, ẹ jápọ̀ orúkọ náà (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi link sí i) mọ́ ojúewé orúkọ ìdílé, ẹ má ṣe jápọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹnì kankan. Ìjápọ̀ tó gbé òǹkàwé dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òun burú ju kí ìjápọ̀ má sí lọ, torí òǹkàwé kò ní í mọ̀ pé wọ́n ti ṣì í lọ́nà.

Àkámọ́: Margaret méjì, Richard méjì

Nígbà tí orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ ìdílé bá bára mu, ohun tí a fi sínú àkámọ́ ló ń yà wọ́n. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: Margaret Hamilton (òṣèré), tí wọ́n bí ní 1902, tó sì kú ní 1985; Margaret Hamilton (onímọ̀ kọ̀ǹpútà), tí wọ́n bí ní 1936. Ẹ má fi orílẹ̀-èdè síbẹ̀, torí ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Ẹ má sì fi ọdún síbẹ̀ àyàfi tí iṣẹ́ wọn bá bára mu pẹ̀lú, torí ẹni tó ń wá òṣèré kò mọ ọdún tí wọ́n bí i.

Ti Richard rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onímọ̀ ìṣirò náà (1943–2024) máa ń lo lẹ́tà àárín, Richard S. Hamilton, ìyẹn nìkan sì ti tó láti yà á kúrò lára ayàwòrán. Síbẹ̀, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn orúkọ: ta ló ń rántí lẹ́tà àárín?

Ọdún ìbí tó bára mu kò sọ wọ́n di ìbátan o. 1936 ni wọ́n bí Margaret onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ọdún yẹn náà ni wọ́n bí W. D. Hamilton onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ìbátan tó bá wà lóòótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: Edith Hamilton (1867–1963), tó kọ̀wé lórí Gíríìsì àtijọ́, ẹ̀gbọ́n Alice dókítà ni.

"Hamilton M" àti "Hamilton W"

Ọ̀pọ̀ jọ́nà àti àkójọ ìwádìí kì í kọ orúkọ àkọ́kọ́ tán. "Hamilton M" lè jẹ́ Margaret, ó sì lè jẹ́ Max Hamilton (1912–1988), onímọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Fásitì Leeds tó gbé òṣùwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jáde ní 1960. "Hamilton W" lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn William. Ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé àtòkọ, kẹ́ ẹ wo ibi iṣẹ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́. Orúkọ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ máa ń tú àṣírí yìí ju àkọlé lọ.

Ọdún ìtẹ̀jáde nìkan kò tó láti yọ ẹnì kan kúrò. Ìwé lè jáde lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, wọ́n sì lè tún èyí tó ti pẹ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá jáde nígbà tí ẹni tí ẹ ń rò ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ wá ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà tó ń yani sọ́tọ̀

ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2012, máa ń fún olùwádìí ní nọ́ńbà àmì 16. Olùwádìí fúnra rẹ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má wá ti Rowan níbẹ̀. Fún àwọn òkú àti àwọn ayàwòrán, ISNI ni kẹ́ ẹ lò: òun náà ní àmì 16, ó sì wà fún òǹkọ̀wé, olórin, ayàwòrán àti ilé iṣẹ́.

Àmì tó gbẹ̀yìn nínú àwọn nọ́ńbà méjèèjì wà fún àyẹ̀wò, ẹ sì lè fi mọ̀ bóyá ẹ ṣi nọ́ńbà kọ. Ẹ mú nọ́ńbà 15 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kún iye tó wà lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn. Lẹ́yìn ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi 11 pín in, kẹ́ ẹ yọ ohun tó ṣẹ́kù kúrò nínú 12. Tó bá jẹ́ 10, X ni wọ́n ń kọ. 11 di 0. 12 di 1.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú 0000-0002-1825-0097. Òdo méje àkọ́kọ́ kò yí nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà: 4, 10, 36, 76, 162, 324, 648, 1314. Ẹ fi 11 pín 1314, ó ku 5. 12 dín 5 jẹ́ 7, òun náà ló sì wà ní ìparí. (Josiah Carberry ló ni nọ́ńbà yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò sí láyé rárá, tí wọ́n ti ń fi ṣe àwàdà ní Brown University láti 1929. Nọ́ńbà tó pé, nígbà náà, kò fi hàn pé èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀.)

Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń mú ni nọ́ńbà tí a ṣì kọ tàbí tí a gbé fò. Kò lè mú nọ́ńbà tó pé tí a lẹ̀ mọ́ Hamilton tí kì í ṣe òun; ìyẹn, àfi kẹ́ ẹ ṣí i kẹ́ ẹ kà á.

Àwọn ohun àti àwọn ibi

Ẹni tó rí "Hamilton" nínú ìwé ẹ̀kọ́ lè má wá èèyàn rárá. Ẹ ṣe àtòkọ kékeré kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ohun kọ̀ọ̀kan mọ́ olówó rẹ̀. Hamiltonian inú físíìsì, ti Rowan ni. Òun náà ló ni apá kan nínú òfin ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Cayley–Hamilton. Òfin Hamilton inú ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n (rB > C, nípa ríran ìbátan lọ́wọ́), ti W. D. ni, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1964. Òṣùwọ̀n Hamilton, ti Max. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, Ricci flow ń jẹ́ orúkọ Ricci, ṣùgbọ́n Richard S. ló gbé e kalẹ̀ ní 1982, orí rẹ̀ sì ni onímọ̀ ìṣirò Perelman dúró sí láti yanjú ìbéèrè ìṣirò tí Poincaré fi sílẹ̀.

Àwọn ibi máa ń dani láàmú. Hamilton College wà ní ìpínlẹ̀ New York, orúkọ Alexander Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìlú Clinton ló wà. Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, Colgate University ló wà ní abúlé tó ń jẹ́ Hamilton. McMaster University wà ní Hamilton ti Kánádà, University of Waikato sì wà ní Hamilton ti New Zealand. Nítorí náà, tí ìwé kan bá sọ pé ẹnì kan "kàwé ní Hamilton", ẹ béèrè: ìlú ni àbí kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan

Orúkọ, ọdún, iṣẹ́, ó parí. Ìjápọ̀ ẹyọ kan ní ìlà kan, lórí orúkọ. Tí ẹ bá jápọ̀ "Harvard" àti "Dublin" pẹ̀lú, òǹkàwé yóò tẹ èyí tí kì í ṣe òun. Ẹ má kó ẹ̀bùn tí wọ́n gbà jọ sẹ́yìn orúkọ, ẹ má sì kọ "gbajúmọ̀" tàbí "ńlá".

- Alice Hamilton (1869–1970), dókítà ará Amẹ́ríkà, olùwádìí májèlé ibi iṣẹ́
- Edith Hamilton (1867–1963), òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n Alice
- Gavin Hamilton (1723–1798), ayàwòrán ará Scotland
- Margaret Hamilton (òṣèré) (1902–1985), òṣèré ará Amẹ́ríkà
- Margaret Hamilton (onímọ̀ kọ̀ǹpútà) (a bí i ní 1936), ará Amẹ́ríkà, ètò kọ̀ǹpútà Apollo
- Max Hamilton (1912–1988), onímọ̀ àìsàn ọpọlọ
- Richard Hamilton (1922–2011), ayàwòrán ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
- Richard S. Hamilton (1943–2024), onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà
- W. D. Hamilton (1936–2000), onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n
- William Hamilton (aṣojú ìjọba) (1730/31–1803), olùkó àwo àtijọ́ jọ
- Sir William Hamilton (onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò) (1788–1856), ará Scotland
- William Rowan Hamilton (1805–1865), onímọ̀ ìṣirò ará Ireland

W. D. wà lábẹ́ W torí bẹ́ẹ̀ ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ bá gbé e sí "William Donald", kò sẹ́ni tó máa rí i. Oyè Sir kò gbọ́dọ̀ darí bí ẹ ṣe ń tò wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo oníSir yóò kó jọ sábẹ́ S.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e jáde

Ẹ ṣe àtúnjúwe láti àwọn orúkọ mìíràn: Margaret Heafield sọ́dọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Amy Lyon sọ́dọ̀ Emma, W. R. Hamilton sọ́dọ̀ Rowan. "Sir William Hamilton" lásán, ojúewé orúkọ ìdílé ni kó máa gbé èèyàn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo irinṣẹ́ tó ń fi àwọn ojúewé tó jápọ̀ síbẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì darí ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì wúlò jù. Ẹ kọ ìlà kékeré kan sókè ojúewé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lè ṣì mú: "Fún ayàwòrán náà, ẹ wo Richard Hamilton."

Ẹni tó bá ṣì wà láàyè, "a bí i ní" ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má fi àmì ìdè sílẹ̀ lófìfo bíi "1936–", torí ó ń rí bí iṣẹ́ tí a kò parí. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn síbì kan, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún: oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Richard S. kú, àtòkọ tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn láti ìgbà náà ṣì ń kà á mọ́ àwọn alààyè.